Ṣé oko àgbálùmọ̀, ìyeyè àti àgbáyun lè bọ́ ẹni tó dá a?

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ Ìwó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀, mo kí yín. Éékà mẹ́rin ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ìlú Ìwó tí bàbá mi ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, èmi ni mo sì ń dá a láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ara bàbá kò ti gbé iṣẹ́ oko mọ́. N kò fi ẹjọ́ ẹ̀gẹ́ sun ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni mò ń ra ajílẹ̀, ọdọọdún ni mò ń san owó ebè, nígbà tí gbogbo wa bá sì hú tiwa lẹ́ẹ̀kan náà, iye tí àwọn onígàárì ń dá lé e kì í tó ohun tí a ti ná.

Nínú oko yìí kan náà ni igi àgbálùmọ̀ mẹ́ta wà tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbìn wọ́n. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, nígbà tí èso wọn ṣì tutù, obìnrin kan wá láti Ìbàdàn, ó gbójú sókè wo igi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì san owó gbogbo èso orí wọn lójú ẹsẹ̀. Owó ọ̀hún kò jìnnà sí èrè tí mo rí lórí odidi ìdajì éékà ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi ọkọ́ kan ìdí igi wọ̀nyí rí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Ohun tí mò ń gbèrò ni pé kí n fi éékà méjì gbin àgbálùmọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí n fi igi ìyeyè ṣe ọgbà yí i ká, kí n sì gbin àgbáyun díẹ̀, èso tó ń mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu, sí ibi tí òjìji wà, nítorí mo gbọ́ pé àwọn ará òkè òkun ń wá a. Àwọn ará ilé mi ní èso tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi éékà méjì gbìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣé kóró ni kí n gbìn ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà? Ọdún mélòó ni n ó fi dúró kí ó tó so, kí sì ni n ó máa jẹ kí ìgbà náà tó dé? Bí ó bá sì so tán, ta ni yóò rà á nígbà tí àgbálùmọ̀ bá kún gbogbo ìgboro?

Èsì: Atọ́mọgi, Ìbàdàn

Ẹ kú ìfẹ́ iṣẹ́, ará Ìwó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́ ọmọ igi eléso nínú ọ̀rá dúdú, kí n sì máa tà á fún àwọn olóko. Ọdún kejìdínlógún mi nídìí rẹ̀ rèé. Ìbéèrè yín lórí kóró ni ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun sì ni n ó dúró lé.

Bí ẹ bá gbin kóró, yóò hù, bí ẹ kò bá ti jẹ́ kí ó gbẹ. Kóró àgbálùmọ̀ kò dà bí àgbàdo tí a lè so rọ̀ sí àjà di ọdún tó ń bọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí a bá jẹ èso náà ni kí a ti fọ ara rẹ̀ kúrò, kí a sì sọ ọ́ sínú ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n híhù rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ọmọ tí kóró bá bí kì í fi dandan jọ ìyá rẹ̀, nítorí kòkòrò ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti orí igi kan dé orí èkejì, kò sì sí ẹni tó mọ irú igi tí bàbá rẹ̀ jẹ́. Ojú ara mi ni mo fi rí èyí. Igi kan wà lẹ́yìn ilé bàbá ìyá mi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó dùn bí oyin. Ogójì kóró rẹ̀ ni mo gbìn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án ni èyí tó kọ́kọ́ so tó so. Nínú mẹ́tàlélógún tó ti so títí di òní, méje péré ni mo lè gbé fún àlejò láìtijú. Àwọn yòókù kan débi pé ẹni tó bá jẹ wọ́n yóò fún ojú pọ̀, àwọn mìíràn sì wà tí oje wọn ń lẹ ètè pọ̀ bí àtè.

Ní báyìí, gbòǹgbò nìkan ni mo ń torí rẹ̀ gbin kóró. Nígbà tí ọmọ igi bá tó pẹ́ńsùlù ní ìtóbi, n ó lọ gé orí ẹ̀ka kan lára igi tí mo mọ̀ pé ó dùn, kí gígùn rẹ̀ má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, n ó já gbogbo ewé rẹ̀ kúrò, n ó sì gbẹ́ ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹnu àáké. Lẹ́yìn náà ni n ó gé orí ọmọ igi, n ó la àárín rẹ̀, n ó ki ẹ̀ka ọ̀hún bọ̀ ọ́ kí èèpo lè kan èèpo, n ó fi ọ̀rá dì í dáadáa, n ó sì fi ọ̀rá funfun tóóró, irú èyí tí wọ́n fi ń di omi yìnyín, bò ó lórí títí yóò fi yọ ewé tuntun. Oje funfun ara àgbálùmọ̀ ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí: bí a kò bá nu ojú ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, kí a sì jẹ́ kí oje náà kán tán kí a tó so wọ́n pọ̀, yóò gan sí àárín igi méjèèjì, wọn kò sì ní mú ara wọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, nínú mẹ́wàá tí mo bá so pọ̀, mẹ́ta ló ń yè. Ní báyìí, ó ń tó méje. Igi tí a so pọ̀ báyìí kì í ga tó ti inú igbó, ó sì máa ń so ṣáájú èyí tí a gbin kóró rẹ̀. Ọdún karùn-ún ni àkọ́kọ́ nínú tèmi so.

Àwọn kan ti ṣe irú nǹkan yìí ní ọ̀nà tó gbòòrò. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ICRAF, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí lórí igi inú oko, ti ń lọ bá àwọn ará abúlé ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n ní kí oníkálukú tọ́ka sí igi tí ó mọ̀ pé èso rẹ̀ dára jù, bíi igi òro tí a ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ ààpọn, kí wọ́n lè mú ẹ̀ka lára rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ di púpọ̀. Àpótí onígi tí a fi ọ̀rá bò, tí òkúta, òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi, ni wọ́n fi ń mú kí ẹ̀ka ta gbòǹgbò. Kò gba iná mànàmáná, kò sì gba omi ẹ̀rọ. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ lè lọ béèrè ẹ̀kọ́ ní NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọn ilẹ̀, ẹ wá ìyá igi. Ẹ jẹ èso igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ ti àwọn aládùúgbò yín, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹnu yín bá sọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi mítà mẹ́wàá sí àárín igi kan àti èkejì, éékà kan yóò gba bí ogójì igi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata àti àgbàdo tí ẹ bá gbìn sáàárín wọn ni yóò máa bọ́ yín títí òjìji yóò fi dé.

Èsì: Ìyá Ẹléso, Kétu

Ọmọ mi, mo kí ọ. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin lọ́dọọdún, àgbálùmọ̀ ni mò ń tà ní ọjà èso Kétu ní Èkó, òun ni mo sì fi rán ọmọ méjì ní ilé-ìwé gíga. N kò mọ ohunkóhun nípa gígé ẹ̀ka, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹni tó ń rà ń wò.

Èyí tó bá kọ́kọ́ wọ ìgboro ní oṣù Kejìlá ni owó rẹ̀ máa ń ga jù, bí kò tilẹ̀ tíì dùn tó, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnu àwọn ènìyàn ti ń wá a. Nígbà tí ó bá di oṣù Kejì sí Kẹta, yóò kún títí, kò ní sí òpópónà tí a kò ti ní í rí i nínú agbọ̀n. Ìgbà náà gan-an ni dídùn ń ya ọjà kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Oníbàárà mi yóò ní kí n pa ọ̀kan, yóò tọ́ ọ wò. Bí ó bá dùn, yóò ra mẹ́wàá, bí ó bá kan, yóò nu ẹnu, yóò sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Àwọn aláboyún ni wọ́n máa ń dìídì wá èyí tó kan, wọn kò sì pọ̀ tó ẹni tí ènìyàn ń torí rẹ̀ gbin éékà méjì. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó ń tọ́ igi yẹn sọ fún ọ, gbà á gbọ́. Kò sí ọdún kan tí àgbálùmọ̀ dídùn wà lórí àtẹ mi mọ́jú ọjọ́ kẹta.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tí èso gbà kúrò lórí igi ṣe pàtàkì. A máa ń dúró kí ó já bọ́ fúnra rẹ̀ kí a tó ṣà á, irú èyí ló sì ń dùn jù nítorí ó ti gbó tán. Ṣùgbọ́n igi inú igbó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, èso tó bá sì ti ibẹ̀ bọ́ lu ilẹ̀ líle yóò sán, èèrà yóò sì ti wọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìwọ bá ní igi kúkúrú, o lè fi ọwọ́ ká a, tàbí kí o ta àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún kan, mo kó àpò mẹ́rìndínlógún láti ìhà Oǹdó. Ọkọ̀ bàjẹ́ sọ́nà, a sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo tú àpò àkọ́kọ́ ní Kétu, ooru ló kọ́kọ́ jáde lù mí lójú, òórùn rẹ̀ sì ti dà bí ti ẹmu tó ti kan. Àpò mẹ́sàn-án ni mo dà sí ààtàn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, apẹ̀rẹ̀ ni mò ń lò. N ó tẹ́ ewé sí ìdí rẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kí ó ju ìpele mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá kó èyí tí kò lanu wá fún mi nínú apẹ̀rẹ̀, owó tí mo ń san fún un kì í bá ti alápò dọ́gba.

Èsì: Bàbá Àgbẹ̀, Ifẹ̀tẹ̀dó

Ọmọ mi, gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìbéèrè rẹ tí n kò lè gbójú fò. O ní ilẹ̀ tí bàbá rẹ ń dá. Ṣé bàbá rẹ ló ni ín ni, àbí ilẹ̀ ẹbí ni, àbí ẹnìkan ló fún un dá?

Ẹ̀gẹ́ kì í dá ìjà sílẹ̀, nítorí ẹni tó gbìn ín yóò hú u láàárín ọdún kan sí méjì, ilẹ̀ yóò sì tún ṣófo. Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa tí a dàgbà nínú oko kòkó, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ dá, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, lè gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí a bá rí i tó ń gbin obì tàbí kòkó láìgba àṣẹ, onílẹ̀ yóò ké sí àwọn àgbà, nítorí ẹni tó gbin igi ti ń sọ pé òun kò lọ mọ́. Nínú ilẹ̀ ẹbí pàápàá, àṣà wa gbà pé ẹni tó gbin igi ló ni igi, gbogbo ẹbí ló sì ni ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú nígbà tí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wá. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ṣe ní 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n lábúlé, ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni yóò jẹ́ kí o lè fi ọkàn balẹ̀ sùn.

Àbúrò mi ọkùnrin gbin ọgọ́ta igi ọsàn sí ilẹ̀ ẹbí ìyá wa, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n sì fi fún un ní àyè. Ní ọdún kẹfà tí ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í so, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa dé pé kí ó pín in sí mẹ́ta. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mẹ́rin, igbó bo oko mọ́lẹ̀, ó sì dun àbúrò mi débi pé kò tún fi ọwọ́ gbin igi kankan mọ́ títí ó fi kú. Èyí ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́ pé kí o pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ẹ jọ rìn yí ilẹ̀ náà ká, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwọ lo fẹ́ gbin igi sí apá ibi báyìí, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí, kí oníkálukú sì mú ẹ̀dà kan. Ṣe é kí igi àkọ́kọ́ tó wọ ilẹ̀.

Má gbàgbé iná ọyẹ́. Ìhà tiyín kì í ṣe igbó kìjikìji, pápá tó ń gbẹ ni, àwọn tó ń finá wá òkété kì í sì í wo oko ẹni tó wà níwájú. Ro àlàfo tó tó ìgbésẹ̀ mẹ́fà yí oko rẹ ká kí oṣù Kejìlá tó wọlé. Ní ti àwọn ará ilé rẹ tó ní igi inú igbó ni àgbálùmọ̀, sọ fún wọn pé láti ayé àwọn bàbá wa ni a ti ń dá a sí nínú oko kòkó kí ó lè ṣíji bo kòkó, a sì ń jẹ, a sì ń tà nínú rẹ̀.

Èsì: Ọmọ Yorùbá ní Bàhíà

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìyeyè, nítorí gbogbo èsì ti kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé igi ọgbà lásán ni. Ìlú Salvador ní ilẹ̀ Bràsíl ni mò ń gbé. Cajá ni wọ́n ń pè é níbí, igi kan náà sì ni pẹ̀lú èyí tí à ń pè ní ìyeyè tàbí òkìkà. Nínú ilé ìtajà, inú fíríìsà ni ẹ ó ti bá a: wọ́n ti ya ara èso kúrò lára kóró, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ti dì í sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ oní-100 gíráàmù. Ẹni tó bá rà á yóò fi omi àti ṣúgà lọ̀ ọ́ nínú bíléńdà, yóò sì mu ún ní tútù. Wọ́n ń fi ṣe áìsìkiriìmù pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mu ún, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlarò, níbi tí a ti máa ń já ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́, tí èso rẹ̀ sì ń jẹrà mọ́ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Èso tí kóró rẹ̀ tóbi, tí ara rẹ̀ kò pọ̀, tí kì í sì í rí ọjọ́ kejì lẹ́yìn tó bá já bọ́, kò lè rin ìrìn àjò lọ sí ọjà ní tútù. Lílọ̀ àti dídì ló sọ ọ́ di ọjà níbí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ iná àti fíríìsà kí ó tó ro ti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìyeyè fi sàn ju àgbálùmọ̀ lọ: ẹ̀ka tí a gé, tí a sì rì mọ́ ilẹ̀ lásán, yóò hù, èso ìyá rẹ̀ gan-an ni yóò sì so. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ọgbà, ẹ má kàn gé ẹ̀ka èyí tó bá sún mọ́ ọ̀nà. Ẹ wá èyí tí èso rẹ̀ tóbi, tó sì dùn.

Èsì: Atọ́mọgi, Ìbàdàn

Mo gbàgbé àgbáyun. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wá a. Èròjà tó ń jẹ́ miraculin, tó wà nínú èso pupa kékeré náà, ló ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ dùn lẹ́nu ẹni tó bá kọ́kọ́ lá a, àwọn bàbá wa sì ti ń jẹ ẹ́ ṣáájú ẹ̀kọ kíkan. Ṣùgbọ́n ní 1974, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kà á sí ohun àfikún inú oúnjẹ, èyí sì dí ọ̀nà ìtajà rẹ̀ níbẹ̀; ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní tiwọn fi àyè gba èyí tí a ti gbẹ ní 2021. Tútù rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ, ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́ láìpa agbára rẹ̀ sì wọ́n. Igi náà kì í yára dàgbà, ilẹ̀ tó kan ló fẹ́, kò sì fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ gbin márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ odò, kí ẹ fi mọ ìwà rẹ̀. Ẹ má yá owó nítorí rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìwó

Ẹ̀yin bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́. Ìbéèrè bàbá Ifẹ̀tẹ̀dó ni mo gbé lọ bá bàbá mi ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kà á. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ó sọ pé ẹnu ni bàbá àwọn fi pín ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọ mẹ́ta, àti pé òkúta ààlà kan ṣoṣo ló kù tí òun ṣì lè tọ́ka sí. A ti ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì, a ó sì jọ rìn yí i ká lọ́jọ́ Sátidé.

Mo ti dín èrò mi kù sí ìdajì éékà fún ọdún àkọ́kọ́, ìyẹn ogún igi tí a so ẹ̀ka mọ́, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín wọn. Nínú igi mẹ́ta tèmi, méjì kan, ìkẹta dùn díẹ̀. Èyí tó dùn jù nínú gbogbo ohun tí mo tọ́ wò wà nínú ọgbà ìyá arúgbó kan ní abúlé kejì; èso rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ètè rárá. Ìyá gbà kí n gé ẹ̀ka níbẹ̀, ohun tó sì béèrè ni ọmọ igi kan fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ti so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀ka kan níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa. Atọ́mọgi, ìgbà wo ni kí n gé e?

Atọ́mọgi, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí òjò méjì tàbí mẹ́ta rọ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i pé ojú ewé orí ẹ̀ka náà ti wú, ṣùgbọ́n tí kò tíì là, ẹ gé e ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ sì gbé e wá bá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ igi ọgbọ̀n ni n ó ti pèsè dè yín, torí gbogbo wọn kọ́ ni yóò yè, ọ̀kan sì ti di ti ọmọ-ọmọ ìyá.